Ó Ti Ṣáájú Yín Lọ Sílé

Nínú yàrá kejì ilé tí mo háyà ní Ìsọlọ̀, fóòmù kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn lé. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá láti ṣọ́ọ̀bù. Bí àlejò bá ti Èkìtì wá, orí ẹní ni yóò sùn, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ìyá mi yóò ní, "Ẹ má bínú o, ó ní ẹni tó ni ín." Ẹni tó ni ín ni bọ̀dá mi, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo, tí a kò fojú kàn mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti lé àwọn ènìyàn wa kúrò ní Gánà.

Kí n tó lọ jìnnà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bọ̀dá mi fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ, n kò sì pè é ní "ìwọ" rí láyé mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń pè é ní "wọ́n" nínú ohun tí mò ń kọ yìí, ẹ ó rò pé ọ̀pọ̀ èrò ni mò ń wí. Nítorí náà, "ó" ni n ó máa pè é. Ẹni tí ìyẹn bá bí nínú, kó wá bá mi. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo ní àyè ìjà dáadáa.

Bọ̀dá mi tẹ̀lé àwọn ará ìlú wa lọ sí Kùmásí nígbà tí mo ṣì wà ní kékeré. Ó kọ́ iṣẹ́ redíò títúnṣe níbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ibẹ̀ ní kí àlejò kó ẹrù rẹ̀, gbogbo àwọn tí a mọ̀ ló padà wálé, wọ́n ru abọ́ tánganran lérí, ojú wọn pọ́n. Ìyá mi ń lọ dúró ní gáréèjì ìlú wa ní àárọ̀, ó ń lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ ń dé, èrò ń bọ́ sílẹ̀, bọ̀dá mi kò sí níbẹ̀. Bàbá mi kú lórí ọ̀rọ̀ náà láìgbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo wá rí iṣẹ́ tíṣà ní Èkó, mo mú ìyá mi wá sọ́dọ̀ mi, kí ó má baà máa lọ dúró ní gáréèjì mọ́.

Àwọn ọdún yẹn ni owó epo ya wọ ìlú. Ìjọba fi kún owó oṣù wa, wọ́n sì san ti ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ọn, ni gbogbo Ìsọlọ̀ bá di ariwo redíò àti eruku sìmẹ́ńtì. Lápá Ire-Akári, ilé ń hù bí olú. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ń ra tẹlifíṣọ̀n kí iná tó dé àdúgbò wọn. Ìyá mi ní kí n ra fóòmù, mo ra fóòmù. Ìdí tí ó fi ní kí n rà á ni pé obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Oṣòdì, tí ó ń lọ ra aṣọ ní Lómè, ti sọ fún un pé òun rí bọ̀dá mi. Ó ní ó wà ní Tógò, ní ìlú kékeré kan lórí òkè, lókè Kpàlìmé, ó sì bá òun tún redíò òun ṣe. Ó ní ó rù díẹ̀. Ìyá mi ní rírù kì í ṣe nǹkan, iyán ni yóò tọ́jú ìyẹn.

A rán ènìyàn sí i, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Èsì kò dé. Ìyá mi kò mikàn. Ó ní àjò kì í dùn títí kí onílé má re ulé. Títí tí Ìyá fi kú, "ulé" ló ń pe ilé, bí àwọn ará wa ní Èkìtì ṣe ń pè é, bí a bá sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, yóò ní Èkó kò tíì ra ahọ́n òun. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ sin wá, àmín tirẹ̀ ni í kẹ́yìn, òun náà ni í ròkè jù. Ohun kan ṣoṣo tí ó ń fẹ́ láyé nìyẹn: kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wálé kí ó wá sin ín. Èmi obìnrin kò tó fún un nínú ọ̀ràn yẹn, n kò sì bínú, torí bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn. Ó dáa, mo bínú díẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní ilé ìwé tí a ti ń kọ́ni ní Ṣógúnlé, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹlẹ́rìn-ín. Ó máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí wọ́n ń ti ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú bọ̀, ẹrù gàgàrà lẹ́yìn wọn, wọn kò ní mọ́tò, kò sí ẹni tó wá pàdé wọn, síbẹ̀ wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bí àwọn yẹn bá lè fi ẹsẹ̀ rìn wá wo ilẹ̀ wa, kí ló dé tí àwa kò lè lọ wo ilẹ̀ ẹlòmíràn? Ó lọ bá ẹni tí ó ń rán ìjókòó mọ́tò ní Ṣógúnlé, ó ní kí ó fi tapólì rán báàgì méjì tí ènìyàn lè gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ọkùnrin náà bi í léèrè pé ṣé ogun ló ń bọ̀ ni.

Nígbà tí Ìyá gbọ́ pé a fẹ́ fi ìsinmi ilé ìwé rìn kiri, ó ní ọmọbìnrin méjì tó ní iṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́, kí ni wọ́n ń wá lójú títì bí ẹni tí wọ́n lé nílé? Ọ̀rẹ́ mi ka ọ̀nà tí a ó gbà fún un: Ìdí-Ìrókò, Àjàṣẹ́, Kútọnú, Lómè, Kpàlìmé. Nígbà tí ó dé orí Kpàlìmé, Ìyá dìde, ó wọ yàrá kejì lọ. Mo gbọ́ tí ó ń nu eruku kúrò lára ọ̀rá fóòmù náà. Nígbà tí ó jáde, ó ní, "Ẹ máa lọ. Mú un bọ̀ wá ulé fún mi." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yan gàrí ní ọjọ́ kejì, ó ní gàrí àwọn ará ọ̀hún kò lè kan tó bí ọmọ òun ṣe fẹ́ ẹ.

Ní Oṣòdì, àwọn agbèrò fi wá ṣe ẹlẹ́yà títí ọkọ̀ fi kún. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, ọmọ yín mà tóbi o! Ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí i, ó ní, "Ìbejì ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ta wọ́n lọ́rẹ!" Ọkùnrin náà sì fún un ní ọsàn kan nítòótọ́. A pín in jẹ nínú ọkọ̀.

Mo ti rò pé ẹnubodè jẹ́ ohun tí ojú yóò rí, bí odò tàbí bí ògiri. Okùn ni mo bá ní Ìdí-Ìrókò, wọ́n ta á sójú títì, sójà kan jókòó tì í, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ní òdìkejì okùn náà, Yorùbá kan náà ni wọ́n ń sọ, àfi pé Faransé ni wọ́n fi ń bú ara wọn. A sùn ní Àjàṣẹ́. A gba Kútọnú kọjá. Ní ẹnubodè Tógò, jàndáàmù kan, ọlọ́pàá ẹnubodè wọn, tú báàgì mi, ó bá gàrí Ìyá, ó fa ojú ro, ó ń bi mí ní Faransé. N kò gbọ́ ohun tí ó wí. Mo bu gàrí náà, mo dà á sẹ́nu, mo jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Òun náà bu díẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ó ṣe ojú wíwọ́, ó sì ní kí a máa lọ. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ rántí ìrìn àjò yẹn láìsunkún, ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí.

Kpàlìmé wà ní ẹsẹ̀ òkè. Lókè rẹ̀ ni àwọn ìlú kéékèèké tí a ń wá wà, ọ̀kan lórí èkejì. Ọkọ̀ tí ó ń lọ kó kọfí gbé wa dé ìdajì ọ̀nà, a fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ọmọ Èkìtì ni mí, òkè kì í ṣe àjèjì sí mi, ṣùgbọ́n òkè tiwa òkúta ni, ó dúró gbọin-gbọin bí ẹni tí inú ń bí. Tiwọn igbó ni láti ẹsẹ̀ dé orí, omi ń ṣàn nínú rẹ̀, ìkùukùu a sì sọ̀kalẹ̀ ní ọ̀sán tí a kò fi ní rí ara wa. Ó tutù. Mo wọ aṣọ méjì lé ara wọn, eyín mi ṣì ń gbá ara wọn.

Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò kánjú rárá. Ní ọ̀sán gangan, wọ́n jókòó síwájú ilé, wọ́n ń wo ọ̀nà. Bí a bá béèrè nǹkan, wọn yóò kọ́kọ́ ní "wòézọ̀", kí a káàbọ̀, wọn yóò béèrè ilé, wọn yóò béèrè ọ̀nà, wọn yóò fún wa ní píà tí ó tóbi tó orí ọmọ tuntun, kí wọ́n tó dáhùn. Ara mi ń gbóná. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Tíṣà, fara balẹ̀ jàre. Ìsinmi la wá." Mo ní òun ló wá fún ìsinmi. Ìyá mi kò rán òun ní gàrí sí ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo ti di ará Èkó ti gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ará ilé wa náà ṣe ń ṣe: ọ̀rọ̀ pàtàkì kì í kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn, wọ́n ń rìn yí i ká ni.

Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Ní ìlú kẹta tí a dé, bí mo ṣe ní Ànàgó, tí mo sì ṣe bí ẹni ń tú redíò, wọ́n mọ ẹni tí mò ń wá lójú ẹsẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n mú wa lọ sí ilé kan tí ó wà létí ìlú, níbi tí obìnrin arúgbó kan ti ń sá kọfí sórí ẹní. Ará Ọ̀fà ni, ìyàwó tuntun ni nígbà tí ọkọ rẹ̀ mú un wá, kò sì padà sílé mọ́. Yorùbá ẹnu rẹ̀ dà bí èyí tí wọ́n ń kà nínú Bíbélì. Òun ni onílé bọ̀dá mi.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó wo ojú mi, ó pẹ́. Ó ní, "Ìwọ ni àbúrò rẹ̀. Ẹ jọ níwájú orí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣé wọ́n wà nílé?"

Ó ní kí a kọ́kọ́ jókòó. Ó bu omi fún wa. Ó ní, "Ìyá yín ńkọ́?"

"Wọ́n wà, mà. Àwọn gan-an ló rán wa."

"Ṣé ara wọn le?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń dà wọ́n láàmú díẹ̀."

Ó mi orí. Ó ti ọwọ́ bọ inú kọfí náà, ó ń fọ́n ọn sọ́tùn-ún, ó ń fọ́n ọn sósì, bẹ́ẹ̀ ó ti fọ́n ọn dáadáa tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti lọ sílé. Ó ti ṣáájú yín lọ sílé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á ti mọ ohun tí ó wí. Èmi ni n kò mọ̀. Ní Ìsọlọ̀, bí wọ́n bá ní ẹnìkan ti lọ sílé, ó ti wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́ tàbí ti Adó nìyẹn, ó ti lọ rí àwọn ènìyàn rẹ̀. Mo fò dìde. Mo ní, "Nígbà wo, mà?"

Ó ní, "Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan."

Ta ni kò mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu Yorùbá lè jẹ́ oṣù mẹ́ta, kí ó jẹ́ ọdún mẹ́ta? Èmi náà mọ̀. Bí ènìyàn bá pàdé mi ní Oṣòdì tí ó ní "ọjọ́ mẹ́ta!", n kì í ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn mo kà á. Mo ní, ọjọ́ mẹ́ta, a ti kọjá ara wa lójú ọ̀nà nìyẹn! Bóyá nígbà tí a wà ní Lómè ni ọkọ̀ tirẹ̀ ń kọjá. Mo pàtẹ́wọ́. Mo dì mọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ara rẹ̀ le bí igi, n kò sì wo ojú rẹ̀.

Ìyá arúgbó náà ní kí a sùn mọ́jú. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, "Yàrá rẹ̀ nìyẹn. N kò tíì fi ẹnikẹ́ni sí i. Wọlé wò ó." Mo ní rárá, mà, ẹ ṣeun, mà, kí ni mo ń wá nínú yàrá tí ẹni tó ni ín ti kúrò? Ọkọ̀ kọfí ń sọ̀kalẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, mo fẹ́ bá a. Mo gbé gàrí fún un. Nígbà tí ó gbà á, ó di ọwọ́ mi mú, kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Gbọ́ mi. Bí ẹ bá délé, ẹ má ṣe jẹ́ iṣẹ́ yìí fún ìyá yín lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ pe àwọn àgbà ilé jọ. Àwọn ni kí ẹ jẹ́ ẹ fún. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́, mà," bí ọmọ kíláàsì mi ṣe máa ń wí i nígbà tí aago ìsinmi bá ti lù. Mo rò pé àṣà àwọn àgbà ni, àwọn tí ohun gbogbo ń fẹ́ ìpàdé. Àwọn bàbá wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ yóò di odindi. Ìyá náà sọ àbọ̀, ó tún fi èyí tó ju àbọ̀ lọ kún un. Kò di odindi nínú mi. Nínú ọ̀rẹ́ mi ni ó ti di odindi. Ó kúnlẹ̀ láti dágbére, ó pẹ́ kí ó tó dìde, arúgbó náà gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ń pè é láti ojú ọ̀nà pé kí ó yára.

Nínú ọkọ̀, ẹnu mi kò dúró. Mo ń ro bí Ìyá yóò ṣe máa gún iyán ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, títí bọ̀dá mi yóò fi bẹ̀bẹ̀. Mo ń ro ṣọ́ọ̀bù redíò tí a ó wá fún un ní Àjàó, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú ń gbé, torí wọ́n ní redíò olówó ńlá. Ọ̀rẹ́ mi ń ní "hẹn-ẹn", ó ń ní "bẹ́ẹ̀ ni". Ní ẹnubodè, jàndáàmù ọjọ́sí rí wa, ó ṣe ojú wíwọ́ bí ìgbà tí ó jẹ gàrí, ó fẹ́ kí a rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi kò rẹ́rìn-ín. Ní Àjàṣẹ́, mo bá a lẹ́yìn ilé tí a wọ̀ sí, ó ń sunkún. Ó ní inú ló ń run òun. Mo ra oògùn fún un, ó sì lò ó, ẹni tí nǹkan kan kò ṣe inú rẹ̀.

Mo ti bi í léèrè lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní ta ni yóò túfọ̀ ọmọ ìyá ẹni fún ẹni lójú títì, láàárín ẹnubodè méjì? Ó ní wọn kò kọ́ òun bẹ́ẹ̀ nílé. Ó ní òun ti pinnu pé bí a bá ti dé Èkó, òun yóò wá àgbàlagbà.

Ó sì gbìyànjú. Bí a ṣe bọ́ sílẹ̀ ní Oṣòdì, ó di okùn báàgì mi mú, ó ní, "Jẹ́ kí a yà lọ́dọ̀ alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì yín ná. Ìyá yẹn ní kí a pe àgbà."

Mo ní, "Alàgbà wo? Bọ̀dá mi wà nílé, o ní kí n lọ kí alàgbà?"

"Jọ̀ọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni."

Mo ní ṣé nítorí pé òun kò ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni ó fi ń jowú mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ gan-an nìyẹn. Ó jọ̀wọ́ okùn náà. Mo wọ ọkọ̀ Ìsọlọ̀, ó sì tẹ̀lé mi wọ̀ ọ́.

Ìyá jókòó síwájú ilé, ó ń já ẹ̀fọ́. Oòrùn ti rọlẹ̀. Mo ti ń pariwo láti ẹnu géètì: "Ìyá! Ṣé wọ́n ti sùn ni?"

Ìyá dìde pẹ̀lú ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. "Ta ni?"

"Bọ̀dá mi! Àbí wọn kò tíì dé? Wọ́n ní wọ́n ti ṣáájú wa wálé!"

Mo ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọkọ̀ rẹ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà. Ayọ̀ sì bo ojú ìyá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí èmi nìkan ló kù tó rí i: ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ewé ẹ̀fọ́ bọ́ sílẹ̀, ó yíjú sí ọ̀nà bí ẹni pé ó lè máa bọ̀ lẹ́yìn wa. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Onílé wọn ni, mà. Ìyá arúgbó kan, ará Ọ̀fà."

"Kí ló wí? Bó ṣe wí i gan-an ni kí o wí."

Tíṣà ni mí. Mo mọ bí a ṣe ń ka ohun tí a gbọ́ láìfi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Mo dúró ṣánṣán, mo wí i. "Ó ní, ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti lọ sílé. Ó ti ṣáájú yín lọ sílé. Ó ní kí a pe àwọn àgbà jọ kí a tó jíṣẹ́ fún yín, Ìyá, ẹ gbọ́ nǹkan!"

Ìyá mi ní, "Ulé wo?"

"Ilé wa ni, Ìyá. Ilé mélòó la ní?"

Ẹ̀yìn mi ló ń wò. Mo yíjú padà. Ọ̀rẹ́ mi ti kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ti ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

Bí mo ṣe túfọ̀ bọ̀dá mi fún ìyá tó bí i nìyẹn, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu mi. Ìyá kò ké. Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀fọ́, ó ń sọ pé, "Wọ́n ti sọ fún mi. Wọ́n ti sọ fún mi." Èmi ni mo ké. Àwọn aládùúgbò ló wá gbé mi nílẹ̀.

Alàgbà wá. Gbogbo àwọn tí ó yẹ kí a ti pè wá, wọ́n jókòó, wọn kò rí nǹkan kan ṣe mọ́, torí mo ti jẹ́ iṣẹ́ tí à bá fi rán wọn. Mo bínú sí arúgbó Ọ̀fà yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ní ṣé ẹnu rẹ̀ wúwo ni, tí kò fi lè sọ pé "ó kú"? Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Láti ìgbà náà, n kì í gba ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi aṣọ bò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọ tí mo kọ́ sì mọ̀ mí mọ́ ọn. Nísinsìnyí tí èmi náà ti darúgbó, mo rò pé ó ṣàánú mi ni. Ó rí ọmọbìnrin kan tí ìlú rẹ̀ jìnnà, ó fẹ́ kí ó kọ́kọ́ délé.

Mo fẹ́ padà lọ. Ìyá ní rárá. Ó ní òbí kì í wá sàréè ọmọ rẹ̀, òun kò sì ní rán ọmọ tó kù fún òun lọ wò ó. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ohun tí ó ń fẹ́ lọ́wọ́ mi ni ìròyìn. Bí a bá jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, yóò ní, "Sọ ìlú náà fún mi." Mo ń sọ ọ́: igbó orí òkè, omi tí ń ṣàn, píà, àwọn ènìyàn tí kì í kánjú, bí wọ́n ṣe ní kí a káàbọ̀. Ó fẹ́ràn ìyẹn, pé wọ́n ń kí ènìyàn káàbọ̀. Yóò ní kí n tún un sọ. Èmi náà mọ̀ pé ìyẹn nìkan ni ìsìnkú tí a lè ṣe fún bọ̀dá mi, mo sì ń sọ ọ́ dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan, ó jókòó, ó da aṣọ bora, ó ń wo eruku funfun tó bo òrùlé àwọn aládùúgbò. Ó ní, "O ní ó tutù níbẹ̀."

Mo ní, "Ó tutù, mà."

"Ṣé ó rí aṣọ òtútù wọ̀?"

Mo fa aṣọ náà bò ó léjìká.

"Ṣé àìsàn ni? Ṣé ó pẹ́ lára rẹ̀? Ta ló ń fún un lómi mu?"

Mo ní, "N kò mọ̀, Ìyá."

Ó yíjú sí mi. Kò bínú. Ó ní, "O ò béèrè ni, ọmọ mi?"

N kò béèrè. Ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí mo dúró sí, wọ́n ní kí n wọlé wò ó, mo ní rárá, torí mo ń kánjú kí n lè tètè délé wá bá a.